Bí Olúwa Ṣe Ṣí Ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́ fún Ìbídùn, Ọmọ Orogún Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Pásítọ̀, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yín láàárọ̀ yìí. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba. Láti ìgbà tí mo ti ń wá sí ilé Olúwa ní Idigny níbí, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni mo máa ń jókòó sí, nítorí amọ̀ kì í kúrò létí aṣọ mi. Amọ̀kòkò ni mí. Ṣùgbọ́n oore tí Ọlọ́run ṣe fún mi lọ́dún yìí, bí mo bá dá a mọ́ra, yóò máa há mi lọ́fun ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Kí n tó sọ oore náà, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ìbídùn tí ẹ fi ń pè mí ní Ìyá Ìbídùn, èmi kọ́ ni mo bí i. Àwọn àgbà inú yín mọ̀, àwọn ọmọdé lè má mọ̀. Àjíkẹ́, ọmọ Adakplamè, ló bí i. Orogún mi ni. Èmi ni ìyálé, mi ò sì bímọ. Àjíkẹ́ dé, kò pé ọdún kan, ó lóyún. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Inú mi ò dùn. Mo ń kí i láàárọ̀, mo ń kí i lálẹ́, ẹnu lásán ni. A jọ wà ní àgbàlá kan, mi ò bá a jẹun nínú àwo kan náà rí.

Ìgbà tí Ìbídùn ń rákò ni ibà dá Àjíkẹ́ dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, ó ní kí wọ́n pè mí. Mo wọlé, mo jókòó sórí ẹní. Ó fi ìwọ̀nba agbára tó kù fún un gbé ọmọ náà, ó gbé e lé mi lórí itan. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ gbà á. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé a ò fẹ́ràn ara wa."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn pa mí. Òun náà ló sì jí mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí Àjíkẹ́ fi lọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò sùn lẹ́yìn ẹlòmíì.

Àwọn ará ilé Àjíkẹ́ kò gbà pé ibà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń jẹ́ Adéòtí, àgbẹ̀ ní Adakplamè, sọ ọ́ sí mi lójú níbi òkú pé, "Ìyálé rẹ̀ ló mọ ohun tó pa á." Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tí kò fẹ́ràn èèyàn nígbà tó wà láàyè, ẹnu wo ni yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá kú? Bí èmi àti Adéòtí bá pàdé lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìyẹn, inú igbó ló ń yà sí. Ọkọ wa náà kò lè gbé inú ilé yẹn mọ́. Ó ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ kòkó ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n ń pè ní Góòlù Kóòsì nígbà náà, pé kí iṣu tuntun tó jáde, òun á ti dé. Iṣu tuntun ti jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ìwé ò dé, iṣẹ́ ẹnu ò dé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà, èmi àti ọmọ mi, àti amọ̀. Ìbídùn fẹ́ràn ìwé bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn iyọ̀. Bí mo bá mọ ìkòkò tán tí mo gbé e síta, kó tó gbẹ, ọmọ yìí á ti fi igi há lẹ́tà sí i níkùn. Mo lù ú títí, ó sú mi. Àwọn kan nínú yín ní ìkòkò A B D nílé títí dòní, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo rí yín!

Mùsé Àgọ̀sú, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, ló ní kí n má lù ú mọ́. Ará Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa lọ́hùn-ún, ni, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ èdè wa ju ọmọ ìlú míì lọ. Ó ní ọmọ yìí á ṣe ìdánwò àwọn tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ní Àjàṣẹ́. Ìbídùn ṣe é, ó yege. Kò tíì sí ọmọbìnrin kankan láti Idigny tó ṣe irú rẹ̀ rí. Mo jó. Mo jó yí gbogbo àwọn ìkòkò mi ká, mo sì fọ́ méjì nínú wọn.

Háà, n kò mọ̀ pé iṣẹ́ kù! Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, inú rẹ̀ ni ọmọ ń gbé, inú rẹ̀ ló ń jẹun. Bí mo bá ta gbogbo ìkòkò tó wà ní Idigny, kò ní tó owó rẹ̀. Mùsé ní kí n má bẹ̀rù, pé ìjọba ní owó tí wọ́n fi ń ran ọmọ tálákà lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní búrúsì. Ó kọ ìwé, a fi ránṣẹ́. Ìwé náà padà wá. Wọ́n ní rárá.

Mo bi Mùsé léèrè pé kí ló dé. Ojú ń tì í bí ẹni pé òun ló kọ òfin náà. Ó kà á fún mi: ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè kò sí lára àwọn aláìní. Ó tún ní, bàbá tàbí ìyá nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé, tàbí alágbàtọ́ tí kóòtù fún ní ìwé. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti kọjá ibodè, owó ló lọ kó. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, kò sì sunkún. Ì bá sàn kó sunkún.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú. Àbúrò ọkọ mi, èèyàn dáadáa ni o, ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Ìbídùn, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ọmọ òrukàn máa ń rí owó yẹn gbà. Ta ni yóò lọ sí Gánà lọ wò ó?" Mo gbà! Mo bá a lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé baálẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n ní kí n tẹ ìka. Mo ti ìka bọ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́. Dúdú lásán ló jáde. Mo tún un tẹ̀, dúdú lásán. Amọ̀ ti jẹ gbogbo ilà ọwọ́ mi tán láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Akọ̀wé ní kí n lọ sinmi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n wá padà.

A ń bọ̀ nílé, Ìbídùn tó tẹ̀ lé wa lọ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá mi, bí a bá kọ ọ́ pé bàbá mi ti kú, tí wọ́n bá wá dé ńkọ́? Ibo ni wọ́n máa sùn?"

Mo dúró lójú ọ̀nà, mo fi etí aṣọ bojú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò rántí, òun ló ń ro ibi tí bàbá náà yóò sùn. Mo sọ fún àbúrò ọkọ mi pé mi ò ṣe mọ́. Kò bínú. Ó ní kí ni kí a wá ṣe?

Ìgbà yẹn ni mo tọ ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìyá wá. Ẹ rántí. Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú mi, lásìkò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Èmi kò mọ àdúrà gígùn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Olúwa, mi ò mọ̀wé. Àwọn tó mọ̀wé ti dá ẹjọ́ náà, mi ò lè bá wọn jà. Ìwọ mọ ilé wọn. Bá mi lọ síbẹ̀."

Ìjọ, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì! Mùsé Àgọ̀sú wá bá mi nídìí amọ̀, ó ṣí fìlà. Ó ní ìjọba tuntun tó dé pẹ̀lú òmìnira tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní kí wọ́n tún àwọn òfin búrúsì yẹ̀ wò, pé láyé òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti yan èèyàn mẹ́ta tí yóò máa lọ láti ìlú dé ìlú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ ní Kétu, òbí tó bá ní ọ̀rọ̀ lè wá sọ ọ́. Mo ní, "Mùsé, ṣé amọ̀kòkò náà?" Ó ní, "Amọ̀kòkò gan-an."

Ní ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Ìbídùn gun kàmíọ̀n tó kó àgbàdo. Òjò ti rọ̀. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ títí dé ìdí. Wọ́n tì í, wọ́n tì í, kò gbọ́. Mo wo ojú ọ̀run, mo wo ọmọ mi. A bọ́ sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ìbídùn gbé bàtà rẹ̀ lé orí kí ẹrẹ̀ má baà bà á jẹ́. Ó ní òun ò lè fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé síwájú ìjọba.

Nígbà tí a dé, oòrùn ti yẹ̀ lórí. Nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, wọ́n sì ti ń di ìwé wọn sínú àpò. Ọ̀gá wọn jẹ́ àgbàlagbà tó fi gíláàsì sójú. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń túmọ̀ Nàgó, èdè wa, sí Faransé. Obìnrin kan sì wà láàárín wọn, agbẹ̀bí, ó wọ aṣọ funfun. Mo wo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ta ni mo rí níwájú pátápátá? Adéòtí! Ó wá nítorí ọmọ tirẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo ní nínú ọkàn mi pé, Olúwa, mo ní kí o bá mi wá, èwo ni ti eléyìí?

Wọ́n gbà kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti Gánà, mo sọ ti ìwé tí kò dé, mo sọ bí mo ṣe fẹ́ẹ́ purọ́ àti bí Ọlọ́run ṣe fi amọ̀ dí mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹni tó lọ tí kò rán nǹkan, tí kò ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ó wà. Ọmọ yìí kò lè jẹ wíwà yẹn. Kò lè fi bora." Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi gbẹ. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kọjú sí ọ̀gá, ó sọ ọ̀rọ̀ bí mẹ́ta, ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta! Gbogbo ohun tí mo sọ!

Agbẹ̀bí yẹn gbé ojú sókè. Kò sọ Faransé. Nàgó ló sọ, ó dùn bí ti ará Sàkétẹ́. Ó ní, "Àbúrò, èyí kọ́ ni gbogbo ohun tí màmá sọ. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èmi ni màá túmọ̀ rẹ̀." Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Mo tún un sọ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá yọ gíláàsì. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ọmọ náà. Mo ní orogún ìyá rẹ̀ ni mí. Ó ní ìwé kóòtù ńkọ́? Mo ní kò sí. Ó mi orí. Kò ní ìkà nínú, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kàn lè wá sọ pé òun tọ́ ọmọ, báwo ni ìjọba yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Ta ló lè jẹ́rìí sí i?

Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìbídùn kún fún ẹrẹ̀ nínú bàtà mímọ́ yẹn.

Adéòtí dìde.

Mo ní ó parí. Mo mọ ohun tó máa sọ, mo ti ń gbọ́ ọ létí mi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ó ní, "Ọmọ àbúrò mi ni ọmọ yìí. Àbúrò mi ti kú. Láti ìgbà tó ti kú, èmi àti obìnrin yìí kì í kí ara wa. Mo ní òun ló pa á. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́." Ó ṣí fìlà. "Mo máa ń dúró lókèèrè ní ọjọ́ ọjà Idigny, mo máa ń wo ọmọ náà. Mò ń wá ohun tí màá rí ká mọ́ obìnrin yìí lọ́wọ́. Irun ọmọ máa ń wà ní dídì. Ara rẹ̀ máa ń mọ́. Mo ní ẹ̀tàn ni. Lọ́dún tí sòbìyà mú ọmọ náà lẹ́sẹ̀, mo wà lóko mi lẹ́bàá ọ̀nà Kétu. Mo rí obìnrin yìí tó pọ̀n ọ́n lọ gba ìtọ́jú ní dìspánsárì. Ọmọ ti tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ ilẹ̀. Ó ń rìn, ó ń sinmi, ó ń rìn. Mo sá pamọ́ sínú àgbàdo. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún gbà bẹ́ẹ̀ kọjá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń kọjá. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, inú àgbàdo ni mo wà. Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo jẹ́rìí. Obìnrin yìí ni ìyá rẹ̀."

Ẹ̀yin ará... ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n nu ojú.

Mo ti gbàgbé sòbìyà yẹn. Mo rò pé Ọlọ́run nìkan ló rí mi lọ́nà yẹn. Agbẹ̀bí yẹn ń túmọ̀. Ọ̀gá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní òun kò lè ṣe ìlérí, pé inú ìlú ńlá ni wọ́n á ti jókòó sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun á gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀ bí a ṣe sọ ọ́ gan-an.

A jáde. Adéòtí dúró lábẹ́ igi, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyálé àbúrò mi, ẹ forí jì mí." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ní ohun tí ẹ máa forí rẹ̀ jì mí. N kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láàyè." Ó ní òun mọ̀. Ó ní Àjíkẹ́ ti sọ fún òun, pé ó sì tún sọ pé kò sí ẹni tó ń mọ ìkòkò bí ìyálé òun. A jókòó síbẹ̀, àgbà méjì, a sunkún bí ọmọdé. Ìbídùn ń wò wá, kò mọ ẹni tí ì bá kọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́kún nínú wa.

A dúró, a dúró. Ẹ ń bá mi gbàdúrà. Oṣù méjì kọjá. Ní ọjọ́ Ajé kan, mò ń fín ìkòkò, mo rí Mùsé Àgọ̀sú tó ń sáré bọ̀. Odidi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́! Ó ní wọ́n ti yí òfin náà padà. Bàbá tó bá ti lọ tí a ò gbúròó rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọn ò ní kà á sí ọrọ̀ ọmọ mọ́. Ẹni tó bá tọ́ ọmọ, tí ẹbí ìyá àti ẹbí bàbá sì jẹ́rìí sí i, lè fọwọ́ sí ìwé láìsí kóòtù. Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, kì í ṣe Ìbídùn nìkan ló wọlé! Ọmọ tí ìyá àgbà afọ́jú kan tọ́ lọ́nà Odomèta wọlé. Ọmọ Mùsùlùmí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tọ́ wọlé. Èmi lọ bèèrè omi fún ọmọ kan, Olúwa gbẹ́ kànga fún gbogbo àdúgbò.

Ìwé tuntun dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò ọkọ mi jẹ́rìí, Adéòtí jẹ́rìí. Ó ku ibi tí a óò kọ orúkọ ìyá ọmọ sí. Mùsé ní, gẹ́gẹ́ bí òfin tuntun, orúkọ mi ni kí Ìbídùn kọ. Mo ní rárá, kó kọ Àjíkẹ́, òun ló rọbí rẹ̀. Mùsé ní ọ̀rọ̀ náà ò yé òun, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀. Ìbídùn kò bá wa jiyàn. Ó gba kálámù, ó tẹ orí ba, ó kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ipa ẹsẹ̀ èèrà, ó ń yọ ahọ́n bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó tán, ó kà á fún mi. Àjíkẹ́ ló ṣáájú, orúkọ mi tẹ̀ lé e. Ìlà kan náà ló gba àwa méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ bírò ìjọba kò sì dá a padà, wọ́n fún un ní búrúsì náà.

Ọ̀la ni ọmọ mi ń lọ sí Àjàṣẹ́. Òun nìyẹn, ó ń bo ojú. Dìde, Ìbídùn, jẹ́ kí ìjọ rí ọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá mi gbààwẹ̀, ẹ wá sí iwájú, ẹ fi ọwọ́ kàn án, ọmọ yín ni. Ẹni tó bá lè kọrin, kó dá orin fún wa. Ẹni tí kò lè kọrin, kó pàtẹ́wọ́. Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi láìgé e kúrú. Ẹ bá mi yọ̀ o, ẹ bá mi yọ̀!